Orí Karùn-ún: Kíkọ́ Ẹni Tí Kò Yìnbọn Rí

Bí ẹ bá gbé ráífù lé ẹni tí kò yìnbọn rí lọ́wọ́, ẹ má wo ojú rẹ̀, ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kí ó tó béèrè ibi tí ọta ń gbà wọlé, kí ó tó mọ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí, ìka yẹn á ti ká mọ́ apátí. (Irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún ni a ó máa pè ní apátí nínú orí yìí.) Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ igi ìbọn ló ń pe ìka síbẹ̀, àwọn fíìmù tó ti ń wò láti kékeré sì ti parí iṣẹ́ tó kù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀: ká yọ ìka kúrò lórí apátí, ká sì tún kọ́ ọ bí yóò ṣe padà síbẹ̀.

Àwọn ìwé kan a máa fi odidi orí kan sọ̀rọ̀ ààbò, kí wọ́n tó fi òmíràn sọ bí ọta ṣe ń ba àmì. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ìka tí kì í kánjú ni kì í ṣèèṣì pa ọmọ ọlọ́mọ. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ọta tàsé. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá là á sí méjì fún á rò pé ti ààbò ti parí lọ́jọ́ kìíní, ó ku kí òun máa dárà.

Ìbọn tí a ó fi kọ́ ọ

Ráífù yàtọ̀ sí ṣakabùlà tí a mọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa. Inú ọ̀pá ṣakabùlà jọ̀lọ̀ bí inú ìgò. Ẹnu ni a ti ń rọ ẹ̀tù sí i, tí a ó sì fi ọ̀pá ki í mọ́lẹ̀. Inú ọ̀pá ráífù ní ìlà tó yí lọ bí okùn tí a lọ́. Bí ọta ti ń gba ibẹ̀ jáde ni ìlà yìí ń mú un pòòyì, pípòòyì yẹn ni kì í sì í jẹ́ kó takìtì lójú ọ̀nà, bí òkòtó tí kò ní ṣubú níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń jó. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ oníṣakabùlà fi ní láti rá pálá sún mọ́ ẹran, tí oníráífù sì lè dúró lókèèrè.

Ìbọn méjì ló dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni ìbọn afẹ́fẹ́, tí ọta òjé rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 4.5, tí a ń yìn láti mítà 10. Èkejì ni .22, tí ọta tirẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 5.6, tí a ń yìn láti mítà 50. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń lò ní ìdíje Òlíńpíìkì títí di òní. Ẹ má fojú ọmọdé wò wọ́n. Nínú ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́, ojú àmì tó ń mú máàkì 10 wá kò fẹ̀ ju mìlímítà 0.5 lọ. Ẹ wo àmì ìdánudúró tó parí gbólóhùn yìí: bó ṣe mọ nìyẹn. Ti mítà 50 fẹ̀ ní mìlímítà 10.4, bí èékánná ìka.

Bí ẹ bá rí ìbọn afẹ́fẹ́, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ta èjìká nípàá, ariwo rẹ̀ kì í sì í já ènìyàn láyà. Àwọn olùkọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìbọn ńlá ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè le, kí àwọn tó dúró lẹ́yìn sì lè rí ohun fi ṣẹ̀rín. Ìfòyà ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ìfòyà tí èjìká bá sì kọ́ lọ́jọ́ kìíní, oṣù mẹ́fà kì í tó láti fi lé e jáde.

Ọta .22 kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2.6 lọ. Ẹ lè da mẹ́wàá rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó má jọ yín lójú. Àmọ́ nǹkan bíi mítà 330 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹnu ìbọn bá sì gbé sókè díẹ̀, ọta yẹn lè kọjá kìlómítà kan àtààbọ̀ kó tó balẹ̀. Nítorí náà, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ gíga ni a ń wá sẹ́yìn páálí àmì, kì í ṣe igbó. Igbó kì í dá ọta dúró. Ńṣe ló kàn ń bo ẹni tó ń kọjá lọ mọ́ wa lójú.

Ní ti òfin, Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ka ráífù ìdárayá àti ṣakabùlà. Ìwé àṣẹ ni yóò kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ó mọ lórí èyí nìyẹn.

Ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ẹ fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó mẹ́nu kan òfin kankan. Jeff Cooper, ọmọ ogun Marine ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó padà di olùkọ́ ìbọn, to òfin mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ pápá ìyìnbọn láyé ń tẹ̀ lé: ká ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, ká má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí a kò fẹ́ bàjẹ́, kí ìka má dé apátí àfi ìgbà tí ojú bá ti wà lórí àmì, ká mọ ohun tí a fẹ́ yìn, ká sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àgbà tó pa òwe ti fi gbólóhùn kan kó èkíní àti èkejì pọ̀. Kò sọ pé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí apátí rẹ̀ ti yọ sọnù pàápàá, tí kò lè dún láé, a kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí wa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin, tí ọ̀kan kò tó? Nítorí pé ènìyàn ni wá. Lọ́jọ́ kan ṣá, ẹnìkan á gbàgbé ọta sínú ìbọn. Bí ẹnu ìbọn bá kọjú sí iyẹ̀pẹ̀, ariwo lásán ni a ó gbọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnu ìbọn á yẹ̀ síbi tí kò yẹ. Bí ìka bá wà níta, ìbọn kò ní dún. Kí ẹ̀jẹ̀ tó lè ta sílẹ̀, òfin méjì ni yóò ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbígba ìbọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kí ẹ fi kọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn fúnni á yọ àpótí ọta, á fa bóòtù (irin tó ń ti ẹ̀yìn ilé ọta pa) sẹ́yìn, á wo ilé ọta, á sì ti ìka kékeré bọ̀ ọ́, nítorí òkùnkùn inú ibẹ̀ a máa tan ojú jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò yí i kí ẹni tó ń gbà á lè rí inú rẹ̀. Ẹni tó ń gbà á kò ní sọ pé òun ti rí i lójú ọ̀rẹ́ òun. Òun náà á wò ó, á ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ó bá gbé e sílẹ̀, tó lọ mu omi, tó padà dé, yóò tún ṣe é. Ní ìgbà kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, ẹ ó gbọ́ ọ:

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni, sà.”

“Mo gbọ́. Tún un yẹ̀ wò.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣáà ti ṣe é.

Ohun kan wà níhìn-ín tó le fún ọmọ Yorùbá ju bó ṣe le fún ẹlòmíràn lọ. Nílé wa, ọmọdé kì í jágbe mọ́ àgbà. Ní pápá ìyìnbọn, bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá rí ẹnìkan tó ń rìn lọ síbi páálí, “Ẹ dúró!” ni yóò ké, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ni ìbáà wà nídìí ìbọn. Bàbá náà á yọ ìka, á ṣí bóòtù, á fi ìbọn sílẹ̀, kí ó tó béèrè ẹni tó ké. Ẹ fi ẹni tó kéré jù lọ láàárín wọn dá a wò lọ́jọ́ kìíní. Ohùn tó máa kọ́kọ́ jáde ni, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná.” Ẹ ní kó tún un ké. Ọta tó ń rin mítà 330 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́ sà”.

Bí wọ́n bá fa apátí tí ìbọn kò sì dún, ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò ní ọ̀kánkán àmì. Kí wọ́n ka ìṣẹ́jú àáyá 30 kí wọ́n tó ṣí bóòtù, nítorí iná a máa pẹ́ dé ibi ẹ̀tù nígbà mìíràn. Ìbòtí àti awò ojú jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, olùkọ́ náà kò yọ sílẹ̀. Òjé ni ọta, òjé sì jẹ́ májèlé: kò sí ẹ̀pà jíjẹ nídìí ìbọn, ọṣẹ àti omi sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí fún ìgbà tí a bá parí.

Ara kí ó tó kan ojú

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú tó lágbára. Kí akẹ́kọ̀ọ́ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ihò kékeré kan, kí ó gba inú ihò náà wo nǹkan kan lókèèrè, bí orí igi ọ̀pẹ. Kí ó di ojú òsì. Bí ọ̀pẹ bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún ló lágbára. Bí ó bá pòórá, òsì ni. Ẹni tó jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún àmọ́ tí ojú òsì rẹ̀ lágbára a máa fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi lásán. Ẹ gbé ìbọn sí èjìká òsì fún un, bí ó bá lè gbà á, tàbí kí ẹ fi pépà kékeré bo ojú òsì náà.

Lẹ́yìn èyí, kó dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, ti ibí yìí kàn yàtọ̀ ní ti pé ìgúnpá méjèèjì ló ń tilẹ̀, tí àpò yanrìn sì gbé ìbọn ró níwájú. Kí ìdí ìbọn wọ inú kòtò èjìká, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lé igi ìbọn bí ẹni sùn lé ìrọ̀rí, ní ojú kan náà nígbà gbogbo. Egungun àti yanrìn ni yóò gbé ìbọn, kì í ṣe iṣan. Iṣan a máa rẹ̀, ohun tó bá sì ti rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá iṣan ló ń di ìbọn mú? Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọjú ìbọn òfìfo sí àmì, kí ó di ojú méjèèjì, kí ó mí ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó sọ ara nù pátápátá bí ẹni fẹ́ sùn, kí ó tó la ojú. Àfàìmọ̀ ni ìbọn kò ní ti ṣí kúrò lórí àmì. Ibi tó ṣí lọ yẹn ni ara rẹ̀ ń fẹ́ gan-an, agbára ló fi ń fà á padà látẹ̀yìnwá. Kí ó má ṣe fi ọwọ́ tì í. Kí ó sún ìbàdí, kí ó sún ikùn díẹ̀, títí tí yóò fi la ojú tí àmì yóò sì wà níbẹ̀ dè é.

Ìdúró, tí ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ ń béèrè, á wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín láti gbé e ṣáájú.

Ojú

Ráífù ìdíje ní ojú méjì tirẹ̀: ojú ẹ̀yìn, tí í ṣe ihò kékeré tó sún mọ́ ẹyinjú wa, àti ojú iwájú, tí í ṣe òrùka kan lẹ́bàá ẹnu ìbọn. A ó gba inú ihò wo òrùka, a ó sì gbé dúdú àárín páálí sínú òrùka náà, kí funfun tó yí i ká dọ́gba níbi gbogbo.

Ohun mẹ́ta nìyẹn ní ọ̀nà jíjìn mẹ́ta, ojú ẹ̀dá kò sì lè rí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni ká wá yàn? Akẹ́kọ̀ọ́ á yan àmì, nítorí òun ló fẹ́ bá. Ojú iwájú ni kó yàn. Kó jẹ́ kí dúdú àmì rú díẹ̀ bí ẹni wo nǹkan nínú ọyẹ́. Ìṣirò rẹ̀ rèé, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn. Ká ní sẹ̀ńtímítà 80 ló wà láàárín ojú iwájú àti ojú ẹ̀yìn. Mítà 50 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 80 ní ọ̀nà 62.5. Bí òrùka iwájú bá fi mìlímítà kan péré yẹ̀ kúrò láàárín ihò ẹ̀yìn, ọta á fi mìlímítà 62.5 yẹ̀ níbi páálí. Dúdú àmì mítà 50 fẹ̀ ní mìlímítà 112.4, ìdajì rẹ̀ kò pé 57. Ọta yẹn ti jáde kúrò nínú dúdú pátápátá. Àmọ́ bí ojú méjèèjì bá bára mu, tí gbogbo ìbọn wá fi mìlímítà kan sún sí ẹ̀gbẹ́ láìtẹ̀, mìlímítà kan náà ni ọta á fi yẹ̀.

Nítorí náà, gbígbọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí tí dúdú ń ṣe, tó ń já a láyà, kò tó nǹkan. Àìbáramu ojú méjèèjì tí kò kà sí ló ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá ṣe ìṣirò yìí fún wọn á kàn máa pariwo “má gbọ̀n!” mọ́ ẹni tí kò sí bí yóò ṣe ṣe é kó má gbọ̀n.

Ìka

Ẹni tó bá sì ti rò pé gbígbọ̀n ni ọ̀tá òun, ohun tí yóò ṣe kò ju ọ̀kan lọ: á ṣọ́ ìgbà tí dúdú ń kọjá láàárín òrùka, á já apátí gbà bí ẹni gba ẹran lẹ́nu ajá. Ìbọn á yẹ̀ kí ọta tó jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí títí wọ́n fi ń pa ìbọn tì.

Àtàrí ìka, níbi tó rọ̀, ni kó kan apátí. Ìyókù ìka kò gbọdọ̀ fara kan igi ìbọn. Kó mí sínú, kó mí síta, kó dúró níbi tí èémí ti parí fúnra rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ apátí sẹ́yìn gbọọrọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún omi jáde nínú kànìnkànìn, títí ìbọn á fi dún bá a lójijì. Bí ó bá mọ ìṣẹ́jú àáyá tí yóò dún, ó ti tẹ̀ ẹ́ jù. Bí nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 8 bá kọjá tí kò tíì dún, kó yọ ìka, kó mí, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yíyọ ìka yìí ló ṣòro jù lọ láti kọ́ ènìyàn. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ tí a ti ṣe ti ṣòfò.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa sọ fún wọn. Ní Òlíńpíìkì Athens, ọdún 2004, Matthew Emmons ará Amẹ́ríkà ló ṣíwájú nínú ìdíje ráífù mítà 50, èyí tí a ń yìn ní ìṣesí ara mẹ́ta, ó ku ọta kan ṣoṣo. Ó yìn ín, ọta náà bá àmì, àmọ́ àmì ẹlòmíràn ni: ibi ìyìnbọn kejì ló wà, páálí kẹta ló yìn. Òdo ni wọ́n kọ fún un, ó sì bọ́ sí ipò kẹjọ. Òfin kẹrin nìyẹn, ká mọ ohun tí a fẹ́ yìn. Ní Beijing, ọdún 2008, nínú ìdíje kan náà, ó tún ṣíwájú, ó tún ku ọta kan. Bó ti ń sọ ìbọn kalẹ̀ sórí àmì, ìka rẹ̀ kan apátí ṣáájú àkókò. Máàkì 4.4 ló gbà, ó sì di ẹni kẹrin. Òfin kẹta nìyẹn. Ẹni tó gba góòlù ìdọ̀bálẹ̀ ní Athens ni à ń wí, kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ti ọmọdé ni, òun náà ló gba góòlù lọ́wọ́ àgbà.

Ìfòyà ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ pé òun ń bẹ̀rù, nítorí nígbà tí ìbọn bá dún, títa tó ń tani nípàá á bo ohun tí èjìká rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kan wà láti fi hàn án. Ẹ gba ìbọn .22 lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín máa ki ọta sí i láìjẹ́ kó rí i. Ẹ fi ọta gidi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ fi òkú ọta sí i, èyí tí kò ní ẹ̀tù nínú. Ó fa apátí: kọ́! Kò sí ariwo, kò sí èéfín, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ti tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé nínú ìsìn. Ó rántí òfin, kò gbé ìbọn kúrò, ó ń ka iye dé 30. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn ni ẹ̀kọ́ gan-an. Ojú rẹ̀ ṣì wà nínú ihò, ó ń wo ibi tí òrùka iwájú lọ.

“Kí lo rí?”

“Ìbọn ò dún, sà.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ẹnu ìbọn ńkọ́?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó lọ sílẹ̀, sà.”

“Ta ló tẹ̀ ẹ́?”

“Èmi náà ni, sà.”

Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ìdí fún yín láti bá a wí mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yin ìbọn òfìfo ní ogún ìgbà kó tó yin ọta gidi kan, pẹ̀lú owó kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀pá ìbọn, lẹ́bàá ẹnu. (Ó pẹ́ tí a ti fi kọ́bọ̀ ra nǹkan, iṣẹ́ tó kù fún un láyé nìyí.) Bí kọ́bọ̀ bá já bọ́, ìka ti kánjú. Ẹ kíyè sára ṣá: abẹ́rẹ́ àwọn ìbọn .22 mìíràn a máa lu etí ilé ọta bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, a sì máa bà á jẹ́. Ẹ fi òkú ọta sí i.

Bí ìbọn bá sì ti dún, kó má ṣe gbé orí. Kí ìka di apátí mú síbi tó dé, kí ojú ṣì wà lórí òrùka, títí tó fi lè sọ fún yín ibi tí òrùka wà nígbà tí ìbọn dún. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí kí ráífù tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín ìgbà tí òkúta ṣakabùlà bá ṣáná àti ìgbà tí ẹ̀tù inú ọ̀pá bá gbiná, àlàfo kan wà tí etí ń gbọ́. Ọdẹ tó bá gbójú sókè nínú àlàfo yẹn láti wo bóyá ẹran ti ṣubú, ẹran náà á máa bá tirẹ̀ lọ. Àlàfo ti ráífù kéré gan-an, etí kò lè gbọ́ ọ, àmọ́ ó wà. Bí àgbà ọdẹ kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ pè é kó wá jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Yóò sọ ọ́ yé wọn jù wá lọ.

Páálí

Páálí kì í parọ́, kìkì pé a gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kà á. Ihò kan kò sọ nǹkan kan. Ihò márùn-ún ni kí ẹ máa wò, kì í sì í ṣe bóyá wọ́n bá àárín ni ìbéèrè àkọ́kọ́, bí kò ṣe bóyá wọ́n sún mọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ihò márùn-ún rẹ̀ ṣù jọ lọ́wọ́ òsì, tó jìnnà sí àárín, ti ń yìnbọn dáadáa. Ojú ìbọn ló yẹ ká tún ṣe. Ẹni tí ọ̀kan rẹ̀ bá àárín gan-an, tí mẹ́rin yòókù fọ́n káàkiri, kò tíì bá nǹkan kan. Àwọn ará ẹ̀yìn á pàtẹ́wọ́ fún ẹni kejì yìí. Ẹ má bá wọn pa á.

Bí ihò bá ti ń ṣù jọ léraléra, ìgbà náà ni ká yí ojú ẹ̀yìn, síbi tí a fẹ́ kí ọta lọ. Bí ìṣùpọ̀ bá fi mìlímítà 25 wà lápá òsì ní mítà 50, ẹ fi 62.5 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan pín in: mìlímítà 0.4 ni ojú ẹ̀yìn yóò fi lọ sí ọ̀tún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè ìdí tí ojú ìbọn fi nílò àtúnṣe sókè àti sísàlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọta ń lọ gbọọrọ. Kì í lọ gbọọrọ. Láti ẹnu ìbọn dé mítà 50, ọta .22 ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá kan, láàárín ìgbà yẹn yóò sì ti fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 12 rọ̀ wálẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ọ̀pá ìbọn. Nítorí náà ni a ṣe ń to ojú méjèèjì kí ọ̀pá lè yọrí sókè díẹ̀ nígbà tí ojú wa bá wà lórí àmì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọlọ́wọ́ ọ̀tún, yin ọta mẹ́wàá láti mítà 50, ó sì gbé páálí rẹ̀ wá fún yín. Ihò mẹ́jọ sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìdérí ìgò mínírà kan fi bò wọ́n, lókè lápá òsì àárín. Ihò kẹsàn-án àti ẹ̀kẹwàá jìnnà sí wọn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ní kí ẹ bá òun yí ojú ẹ̀yìn sí ọ̀tún, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú ìbọn, ìbéèrè wo ni ẹ ó bi í nípa ihò méjì tó yapa, kí sì ni ẹ ó fi sínú ilé ọta láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìdáhùn rẹ̀?